Ilé ọlọ́pàá ni wọ́n ti kó ìbọn tó tú Solomon Islands ká

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ lójú mi pé erékùṣù kékeré ló rọrùn jù láti gba ìbọn lọ́wọ́ aráàlú, torí pé òkun ló yí i ká, Solomon Islands ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ fún un. Erékùṣù ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún kan, mẹ́fà péré ló tóbi nínú wọn, gbogbo èèyàn tó sì ń gbé inú wọn nígbà tí wàhálà bẹ̀rẹ̀ kò ju nǹkan bí 400,000 lọ. Ìbàdàn nìkan pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì. Òkun yí wọn ká lóòótọ́. Síbẹ̀, láàárín 1998 sí 2003, ìbọn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa orílẹ̀-èdè náà rẹ́, bẹ́ẹ̀ àwọn ìbọn tó burú jù nínú wọn kì í ṣe èyí tí ẹnikẹ́ni fi ọkọ̀ ojú omi kó wọlé lóru.

Ọmọ ọdẹ ni mí. Ìgbòho ni wọ́n ti bí mi, ìbọn ṣakabùlà bàbá mi sì máa ń wà lórí àjà, níbi tí ọwọ́ ọmọdé ò lè tó. Mo mọ èèwọ̀ rẹ̀ kí n tó mọ ìwé kà: a kì í na ẹnu ìbọn sí èèyàn, ì báà jẹ́ pé kò sí ẹ̀tù nínú rẹ̀. Mi ò kórìíra ìbọn, mi ò sì bẹ̀rù rẹ̀. Ìgbà tí ìjọba wa fi mí ránṣẹ́ sí Fiji láti lọ kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, lábẹ́ ètò Technical Aid Corps, ni mo pàdé ìyá kan láti Guadalcanal, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù ńlá Solomon Islands, tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Suva, olú ìlú Fiji. Mama ni gbogbo wa ń pè é. Ọmọ Weather Coast ni, ìhà gúúsù Guadalcanal, níbi tí òjò kì í ti í fẹ́ dá, tí ọkọ̀ ojú omi sì jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ abúlé fi ń dé ìgboro. Lọ́jọ́ tí mo sọ̀rọ̀ ìbọn bàbá mi, ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ní, "Ọmọ mi, lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn mọ́ lọ́wọ́, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ. A ò sì fẹ́ kó yàtọ̀." Látìgbà náà ni mo ti ń bi í ní ìbéèrè, tí mo sì ń ka gbogbo ohun tí ọwọ́ mi bá bà lórí ọ̀rọ̀ náà.

Ibi tí ìbọn àkọ́kọ́ ti wá ni inú ilẹ̀. Láti oṣù kẹjọ 1942 títí di oṣù kejì 1943, Amẹ́ríkà àti Japan jà ní Guadalcanal ní ìjà àjàkú-akátá. Ọkọ̀ ogun tó rì sí àríwá erékùṣù náà pọ̀ débi pé Iron Bottom Sound ni wọ́n ń pe omi ibẹ̀ títí dòní. Àwọn tó jà lọ sílé wọn, ohun ìjà wọn ò bá wọn lọ. Ó wà nínú igbó, ó wà lábẹ́ ilé, ó wà nínú oko ànàmọ́. Ní 2020, òṣìṣẹ́ méjì tó ń ṣe àkọsílẹ̀ ibi tí àwọn bọ́ǹbù wọ̀nyẹn wà kú ní Honiara, olú ìlú orílẹ̀-èdè náà ní Guadalcanal, nígbà tí ọ̀kan bú gbàù. Ní 2021, àwọn èèyàn ń dáná oúnjẹ níta gbangba nínú ìlú Honiara kan náà, wọn ò mọ̀ pé bọ́ǹbù wà nísàlẹ̀ iná. Ó bú, èèyàn méjì ló bá a lọ. Ogun tí kì í ṣe tiwọn, tó ti parí ní ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ṣáájú, ṣì ń pa wọ́n lọ́mọ.

Nígbà tí wàhálà dé, inú ilẹ̀ yìí làwọn ọmọkùnrin Guadalcanal ti kọ́kọ́ lọ wá ọta. Wọ́n hú ọta àtijọ́ jáde, wọ́n ha ìpẹtà ara rẹ̀ kúrò, wọ́n gé páìpù omi, wọ́n so igi mọ́ ọn, ó di ìbọn àgbélẹ̀rọ. Mo ti wo àwòrán wọn. Alágbẹ̀dẹ tó ń rọ ìbọn fún bàbá mi kò ní jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ fọwọ́ kan irú rẹ̀, torí ó lè fọ́ mọ́ ẹni tó yìn ín lójú kó tó pa ẹni tí wọ́n yìn ín sí.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló fa ìjà náà. Tulagi ni olú ìlú tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ogun ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tó ń ṣàkóso wọn nígbà náà, gbé e wá sí Honiara, torí pápákọ̀ òfurufú àti àwọn ilé tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi sílẹ̀. Àwọn ará Malaita, erékùṣù tí èrò rẹ̀ pọ̀ jù nígbà náà, wá síbẹ̀ ṣiṣẹ́, wọ́n kọ́lé, wọ́n dáko, wọ́n bímọ. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Guadalcanal, ọ̀dọ̀ ìyá ni ilẹ̀ ti ń kan ọmọ, ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin ń tà á láìbi àwọn obìnrin léèrè. Inú Mama ò tíì rọ̀ lórí èyí. Ní ìparí 1998, àwọn ọ̀dọ́ Guadalcanal tó wá ń pe ara wọn ní Isatabu Freedom Movement bẹ̀rẹ̀ sí lé àwọn ará Malaita. Nǹkan bí 20,000 èèyàn ló fi ilé àti oko sílẹ̀. Àwọn ará Malaita náà dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, Malaita Eagle Force, ẹgbẹ́ yìí kò sì dúró hú ọta nílẹ̀.

Orílẹ̀-èdè náà kò ní ọmọ ogun. Ọlọ́pàá nìkan ló ní. Báwo wá ni ìbọn ogun ṣe dé ọwọ́ ọlọ́pàá? Bougainville ni. Ogun ń jà ní Bougainville, erékùṣù tó wà lábẹ́ Papua New Guinea, lódìkejì omi, láti ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn ọmọ ogun Papua New Guinea sì ń ré ààlà kọjá. Ní 1992 wọ́n wọ Shortland Islands ní Solomon Islands, wọ́n pa èèyàn níbẹ̀. Ìjọba Honiara bẹ̀rù, wọ́n dá ẹ̀ka ọlọ́pàá kan sílẹ̀ tó ń ṣe bí ológun, wọ́n ra ìbọn alágbára fún un, títí kan SR-88 tí wọ́n ń ṣe ní Singapore, wọ́n sì tì í mọ́ ilé ìkóhun-ìjà-sí ní Rove, láàárín Honiara. Ẹ̀rù ará ìta ni wọ́n fi rà á.

Ní oṣù kejìlá 1998, àwọn ọmọ Guadalcanal ya bo àgọ́ ọlọ́pàá Yandina, wọ́n kó ìbọn ibẹ̀. Ní oṣù kìíní 2000, Malaita Eagle Force kó ti Auki, olú ìlú Malaita. Nígbà tó di ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún náà, wọ́n wọ Rove. Àwọn ọlọ́pàá kan, àwọn tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sí lọ́wọ́, ló bá wọn ṣe é. Wọ́n mú olóòtú ìjọba, Bartholomew Ulufa'alu, ọmọ Malaita bíi tiwọn, wọ́n sì fi í sí àhámọ́ títí ó fi gbà láti fipò sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, ìbọn tí gbogbo ìlú fi owó orí rà di ìbọn tí wọ́n nà sí gbogbo ìlú. Àwọn àgbà wa sọ ọ́: bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

Ibi yìí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró sí. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ òfin ìbọn, ní erékùṣù tàbí lórí ilẹ̀ gbígbòòrò, aráàlú là ń kà. Ìwé àṣẹ mélòó ló wà níta? Ọdún mélòó ni ẹni tó fẹ́ ra ìbọn gbọ́dọ̀ jẹ́? Solomon Islands ní òfin yìí. Gẹ̀ẹ́sì ti fi sílẹ̀ fún wọn kí wọ́n tó gba òmìnira ní 1978: gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kí o tó ní ìbọn. Àgbẹ̀ àti ọdẹ díẹ̀ ló ní in, wọ́n fi ń yin ẹlẹ́dẹ̀ igbó àti ẹyẹ. Kì í ṣe ìbọn ẹlẹ́dẹ̀ ló gba ìjọba. Ìbọn tí kò nílò ìwé àṣẹ, torí pé ìjọba fúnra rẹ̀ ló ni ín, òun ló gba ìjọba.

Ní oṣù kẹwàá 2000, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní Townsville, Australia: kí oníkálùkù dá ìbọn padà, kí ó sì rí àforíjì. Àwọn alábòójútó láti òkèèrè wá gbà á, àwọn fúnra wọn ò gbé ìbọn dání. Ìbọn àgbélẹ̀rọ wọlé dáadáa. Èyí tí wọ́n kó ní Rove, díẹ̀ ló padà. Ọ̀pọ̀ ìwé tí mo kà ń bú àwọn ọmọ náà fún èyí, èmi ò bá wọn bú wọn tó bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò kọ́kọ́ fi tirẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ọ̀tá rẹ̀ ṣì di tirẹ̀ mú lẹ́yìn odò, tí kò sì sí ọlọ́pàá tó lè sá tọ̀? Ìjọba tún wá gba ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jà sí iṣẹ́ ọlọ́pàá, ìbọn ò kúrò lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń gbé e lọ sí ilé ìṣúra láti gba owó. Sir Frederick Soaki, ọ̀gá ọlọ́pàá àtijọ́ tó wà nínú ìgbìmọ̀ àlàáfíà, ń ṣètò bí wọn yóò ṣe fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Wọ́n yìnbọn pa á ní Auki ní oṣù kejì 2003.

Àwọn tí Mama kì í lè sọ̀rọ̀ wọn tán ni àwọn Tasiu, Ẹgbẹ́ Arákùnrin Melanesia nínú ìjọ Áńgílíkà. Ini Kopuria, ọmọ Guadalcanal tó ti ṣe ọlọ́pàá rí, ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1925. Wọn kì í gbéyàwó níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ṣì wà nínú rẹ̀, wọn kì í gba owó oṣù, ọ̀pá ni wọ́n ń mú rìn, àwọn èèyàn sì gbà pé agbára wà nínú ọ̀pá náà. Nígbà ìjà, wọ́n lọ dúró ságbedeméjì ẹgbẹ́ méjèèjì. Ní 2002 wọ́n ń ti abúlé bọ́ sí abúlé, wọ́n ń gba ìbọn, wọ́n ń gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń lọ sọ ọ́ sínú ibú. Kò padà sí ilé ìkóhun-ìjà-sí kankan. Mo gbà pé ìdí pàtàkì nìyẹn tí àwọn èèyàn fi gbé e fún wọn: ohun tó bá ti wà ní ìsàlẹ̀ òkun, kò sí ọ̀gá ọlọ́pàá tó lè ṣílẹ̀kùn fún un.

Harold Keke, ọ̀kan nínú àwọn olórí ajàjà Guadalcanal, kò fọwọ́ sí àdéhùn Townsville. Ó wà ní Weather Coast, àwọn èèyàn rẹ̀ ń jó abúlé. Ní 2003, ọ̀kan nínú àwọn Tasiu, Nathaniel Sado, lọ bá a, kò padà. Mẹ́fà lọ wá a. Àwọn náà ò padà. Títí di oṣù kẹjọ ni ìjọ fi ń gbàdúrà pé bóyá wọ́n ṣì wà láàyè, kí Keke tó jẹ́wọ́ pé àwọn mẹ́fà náà ti kú. Mama mọ ọ̀kan nínú wọn láti kékeré. Mi ò bi í ní ìbéèrè kankan lọ́jọ́ tó sọ èyí.

Ọjọ́ 24 oṣù keje 2003 ni RAMSI (Regional Assistance Mission to Solomon Islands), ikọ̀ tí àwọn orílẹ̀-èdè àyíká wọn rán wá láti dá àlàáfíà padà, gúnlẹ̀ sí Honiara. Ìjọba Allan Kemakeza ló ké sí wọn, ilé aṣòfin wọn sì ṣòfin fún un. Iye wọn lé ní 2,000, ọmọ ogun àti ọlọ́pàá láti Australia, New Zealand, Fiji, Papua New Guinea, Tonga àti àwọn erékùṣù mìíràn. Wọ́n dá gbèdéke: títí di ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ, ẹni tó bá mú ìbọn wá, a ò ní fi ọ̀rọ̀ ìbọn náà mú un, lẹ́yìn ọjọ́ náà, ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 10. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìbọn àwọn ọmọ ogun wọ̀nyí ló dẹ́rù ba gbogbo ayé. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọjọ́ ṣe tò tẹ̀lé ara wọn. Ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ ni Keke jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Ẹni tí àwọn ará Malaita ń tìtorí rẹ̀ di ìbọn mú ti wọ àtìmọ́lé, àwáwí tán, láàárín ọjọ́ mélòó kan àwọn ọ̀gá Malaita Eagle Force náà kó tiwọn wá lójú gbogbo èèyàn. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ gé ìbọn náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ ní gbangba. Kí ọdún tó parí, ìbọn tí wọ́n gbà ti lé ní 3,700, èyí tó jẹ́ ìbọn ogun nínú wọn sì lé ní 600.

Ohun tí Mama tẹnu mọ́ jù ni pé wọ́n gba ti ọlọ́pàá náà. Ọlọ́pàá Solomon Islands kò gbé ìbọn mọ́ nígbà náà, láti ọ̀gá dé ọmọṣẹ́. Ó ní ìgbà tí ìròyìn yẹn dé abúlé wọn ni àwọn àgbà tó yọ ara wọn jáde. Ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin ti sin ìbọn kan sẹ́yìn ilé ìdáná. Ìyá ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló hú u, ó fi ẹní wé e, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ fún àwọn ọlọ́pàá, ó padà wá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé bó bá fẹ́ bínú kó máa bínú. Lẹ́yìn gbèdéke, ìgbìmọ̀ àlàáfíà ń lọ láti abúlé dé abúlé, wọ́n ń jókòó ti olórí abúlé, àwọn ìyá àti olùṣọ́ àgùntàn. Bí gbogbo wọn bá fẹnu kò pé kò sí ìbọn lọ́dọ̀ wọn mọ́, wọ́n á kéde abúlé náà ní abúlé tí kò ní ìbọn. Àwọn obìnrin ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀: ní 2000, nígbà tí wọ́n dí ọ̀nà Honiara, àwọn obìnrin ló ń kọjá láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì, tí wọ́n ń gbé oúnjẹ fún ara wọn, tí wọ́n sì ń bá àwọn ọmọ tó di ìbọn mú sọ̀rọ̀ bí ìyá.

Látìgbà náà, wọn ò fún aráàlú ní ìwé àṣẹ ìbọn mọ́. Ìyà wà nínú èyí, mi ò ní fi pa mọ́. Ọ̀nì ti pọ̀ sí i lẹ́nu odò wọn, torí kò sí ẹni tó lè yìnbọn fún un. Ọ̀nì ń gbé ajá, ó ń gbé èèyàn níbi tí wọ́n ti ń fọṣọ, ọlọ́pàá ni kí wọ́n ránṣẹ́ sí, ọlọ́pàá sì lè wà ní erékùṣù mìíràn. Ẹlẹ́dẹ̀ igbó ń jẹ oko. Gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọdẹ, ó dùn mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá jẹ́ ará ibẹ̀, màá dìbò fún un kó dúró. Ìlú tó ti rí ohun tí wọ́n rí ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé àwọn yóò fara da ọ̀nì.

Àwọn kan ti mú òfin le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Palau, orílẹ̀-èdè erékùṣù mìíràn nínú òkun Pacific, kọ ọ́ sínú òfin ìpìlẹ̀ rẹ̀ láti 1981 pé aráàlú ò gbọdọ̀ ní ìbọn, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní ọdún 15. Síbẹ̀ ìbọn ni wọ́n fi pa ààrẹ wọn, Haruo Remeliik, ní 1985. Jàmáíkà dá ilé ẹjọ́ ìbọn sílẹ̀ ní 1974, ó tún ṣe òfin tuntun ní 2022, ọdún 15 lọ́hùn-ún náà. Ìbọn Jàmáíkà ń wá láti Amẹ́ríkà, inú àpótí ẹrù, láti Florida pàápàá, ọ̀rọ̀ tiwọn sì yàtọ̀: ẹni tó ń tà á fún wọn kò sí lábẹ́ òfin wọn. Mo fẹ́ kọ ti Jàmáíkà lọ́tọ̀ lọ́jọ́ mìíràn, torí àwọn ọmọ Nàgó wà níbẹ̀, abúlé kan sì ń jẹ́ Abẹ́òkúta ní Westmoreland.

Nígbà tí mo ń ka ti Rove, oṣù kẹwàá 2020 nílé ló ń wá sí mi lọ́kàn, nígbà tí wọ́n ń jó àgọ́ ọlọ́pàá ní Èkó àti Ìbàdàn, tí ìbọn ń jáde níbẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Bàbá mi ní láti ní ìwé fún ṣakabùlà rẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ta ló ń fi ìwé ti àwọn yẹn han aráàlú?

RAMSI kó ẹrù rẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà 2017. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n ti dá ìbọn díẹ̀ padà fún àwọn ẹ̀ka kan nínú ọlọ́pàá. Ní oṣù kọkànlá 2021, rògbòdìyàn bẹ́ ní Honiara, wọ́n jó Chinatown, èèyàn kú, ìjọba Manasseh Sogavare sì ní láti ké sí Australia lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tó bá sọ pé ọlọ́pàá ò lè máa fi ọwọ́ lásán dúró síwájú irú èrò bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ gidi ló sọ. Àmọ́ ẹ wo ohun tó tẹ̀lé e. Ṣáínà kó ayédèrú ìbọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọlé ní 2022, aráàlú ò mọ̀ títí ọ̀rọ̀ fi tú síta. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, Australia fún ọlọ́pàá ní ìbọn ogun 60 àti ọkọ̀ 13. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀, Ṣáínà fún wọn ní ọkọ̀ tó ń tú omi lé èrò lórí, pẹ̀lú ọ̀kadà àti jíìpù. Àwọn alágbára méjì ń du ojú rere ìlú kékeré kan, ohun ìjà ni wọ́n sì fi ń kí i. Ẹ̀rù ará ìta náà ló tún dé.

Mi ò sọ pé kí wọ́n dá ìbọn 60 náà padà. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn aṣòfin Honiara béèrè kò le: nọ́ńbà ìbọn kọ̀ọ̀kan, orúkọ ẹni tó gbé e jáde, ọjọ́ tó dá a padà, iye ọta tó kù. Kí kọ́kọ́rọ́ má sí lọ́wọ́ ẹ̀yà kan ṣoṣo. Kí wọ́n ka ìwé náà sókè nínú ilé aṣòfin lọ́dọọdún, kí àwọn Tasiu àti àwọn ìyá láti Guadalcanal àti Malaita wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ka ìbọn náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fi èyí ránṣẹ́ sí Mama. Ó fèsì pé òun ti gbé e lọ sí ìpàdé Mothers' Union ìjọ òun, wọ́n sì ti yan àwọn tí yóò bá aṣòfin àgbègbè wọn sọ ọ́ nígbà tó bá wálé.